Lẹ́yìn Jàǹbá Ọkọ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọwọ́ Wa Ṣe Kí Áńbúláǹsì Tó Dé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí nọ́ọ̀sì fẹ̀yìntì kan bá àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà sọ ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà awakọ̀, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pàtẹ ní ẹ̀bá títì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun ọ̀kadà àti ẹ̀yin tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí jàǹbá ọkọ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí ni pé kí n bá yín wí nítorí eré àsápajúdé, nítorí táyà tí ó ti jẹ tán, àti nítorí ògógóró tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì. Ẹlòmíràn yóò bá yín sọ ìyẹn. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé àti ìgbà tí wọ́n bá gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín àkókò yẹn, mo ti rí i pé ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe oore gan-an ni ó máa ń dá kún ìpalára nígbà mìíràn.

Mi ò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní agbègbè wa yìí, bí ọkọ̀ bá gbókìtì, àgbẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti oko kòkó, obìnrin tí ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àti awakọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí dókítà kankan tó gbọ́ rárá. Bí kò bá sí tiwọn, ọ̀pọ̀ tí ó wà láàyè lónìí ni ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe láti sáré lọ fa ènìyàn jáde. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹni tí ó fẹ́ ṣèrànwọ́ má di ẹni tí wọn yóò tún máa gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ mọ àwọn ibi tí títì ti ń yí kọ́rọ́, tí ẹni tí ó ń bọ̀ kò lè rí iwájú títí yóò fi dé orí rẹ̀. Bí èrò bá pé jọ sórí irú kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí àmì kankan lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ kejì yóò rọ́ lu àwọn tí ó wá ṣàánú, jàǹbá kan yóò sì di méjì. Ẹ gbé ọkọ̀ yín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tan iná tí ń ṣẹ́jú, ẹ gbé kọ́ṣọ̀n, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta yẹn, sí ibi tí ó jìnnà dáadáa sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí kọ́ṣọ̀n, ẹ já ẹ̀ka igi tí ó ní ewé, kí ẹ sì tò ó sójú ọ̀nà bí àwọn bàbá wa ti máa ń ṣe. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí ewé lójú títì túmọ̀ sí. Ẹ kàn rántí kó o kúrò nígbà tí ó bá yá, nítorí ewé tí a gbàgbé lálẹ́ ti fa jàǹbá tirẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó fara gbá, kí ó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò mu sìgá nítòsí.

Bí ó bá jẹ́ téńkà ni ó ṣubú, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ìlú Majiya ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, àwọn ènìyàn jáde pẹ̀lú korobá àti kẹ́ẹ̀gì láti bu epo tí ó ń dà láti inú téńkà tí ó ṣubú; iná sọ, àwọn tí ó kú sì lé ní 150. Òórùn bẹntiróòlù tí ẹ ń gbọ́ yẹn gan-an ni ohun tí ń gbaná, kì í ṣe èyí tí ó wà nílẹ̀ nìkan. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ kankan nítòsí, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn panápaná ṣe iṣẹ́ wọn. Bákan náà ni ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá-Àkókó, níbi tí tírélà ti já wọ àárín àwọn ènìyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní oṣù kìíní ọdún 2021: níbi tí bíréèkì ọkọ̀ kan ti kọ̀, ẹ má ṣe dúró sí ìsàlẹ̀ òkè náà láti wòran, nítorí òmíràn lè máa bọ̀.

Nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣe èyí, kí ẹlòmíràn ti máa pe 122, èyí tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112, tí ó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Owó kò sí lórí ìpè náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lẹ máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kíkó ẹni tí ó fara pa jẹ́ ara iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ti jẹ́. Bí wọ́n bá gbé ìpè náà, ẹ má kàn máa pariwo pé “ẹ gbà wá o”. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà ní ọ̀nà tí àlejò yóò fi mọ̀ ọ́n: “A ti kọjá afárá Ọ̀wẹnà, a ń lọ sí Oǹdó, ilé epo kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún.” Ẹ sọ iye àwọn tí ó fara pa, kí ẹ sì sọ bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀, torí pé irinṣẹ́ tí ń gé irin ni wọn yóò fi gé ọkọ̀ náà, bí wọn kò bá sì mọ̀, wọn kò ní gbé e wá.

Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fara pa, etí yín yóò fẹ́ tàn yín jẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń sáré lọ bá ẹni tí ń ké jù. Ẹni tí ń ké, ó ń mí. Èémí rẹ̀ ń jáde, ó sì mọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sí àyà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ pè é, ẹ fọwọ́ kàn án ní èjìká, ẹ wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí eyín tí ó kán ti kún ẹnu rẹ̀, tàbí pé ahọ́n rẹ̀ ti sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ yọ ohun tí ẹ bá fojú rí ní ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń mí ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn jọ yí pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ àti èébì lè máa ṣàn jáde kúrò ní ẹnu. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ti gba òkú ẹni tí ọgbẹ́ ara rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ imú ara rẹ̀ ni ó fún un pa lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa, láti ìdí agbárí títí dé ìbàdí, ohun rírọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Eegun ni ó yí i ká tí ó ń dáàbò bò ó. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, eegun náà lè ṣẹ́ kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì má tíì bàjẹ́; ènìyàn náà ṣì lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wá dì í mú ní apá, tí a wọ́ ọ gba ojú fèrèsé, tí a ká a bí ẹni ká ẹní, tí a jù ú sí ẹ̀yìn takisí pẹ̀lú orí tí ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, eegun tí ó ṣẹ́ yẹn yóò gé ohun tí ó ń dáàbò bò. Kò sí dókítà tí ó lè so ó padà. Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa nínú búùtù ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, òógùn sì bo gbogbo ara àwọn tí ó gbé e wá. Wọ́n sọ fún wa tìdùnnú-tìdùnnú pé ó ń ta ẹsẹ̀ nígbà tí àwọn ń fà á jáde. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ kàn án ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí kò bá sí iná, bí ọkọ̀ náà kò bá sí nínú omi, bí kò sì sí ewu pé ọkọ̀ mìíràn yóò rọ́ lù ú, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn orí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì kí ọrùn má baà yí, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀: “Má mira o, a wà pẹ̀lú rẹ.” Iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ẹni náà kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá di dandan láti gbé e, bóyá nítorí pé áńbúláǹsì kò ní lè tètè dé, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún gbé e pọ̀, kí ẹni tí ó di orí mú jẹ́ ẹni tí yóò máa ka “ọ̀kan, méjì, ẹ̀ẹ̀ta”, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí pákó tí ó le tàbí ìlẹ̀kùn tí ẹ yọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí ó ní ẹ̀yìn gbalaja sàn fún un ju takisí lọ. Ẹ̀yin olọ́kadà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹni tí ó dákú sí àárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà gbé e lọ sí ibikíbi.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ohun tí ń dá a dúró ni kí a tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ká aṣọ mímọ́, ìró ni o, gèlè ni o, kí ẹ fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú agbára, kí ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ àkọ́kọ́, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Ẹ ti ọwọ́ bọ ọ̀rá kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Bí irin tàbí ìgò bá gún ènìyàn, tí ó sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ẹ má fà á yọ, nítorí ó lè jẹ́ òun gan-an ni ó dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi aṣọ yí i ká kí ó má baà mì. Ẹ má da bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ewé gígún sí ojú ọgbẹ́. Ẹ má sì fún ẹni tí ó fara pa ní omi, mílíìkì tàbí epo pupa mu. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìkà láti fi omi du ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa tí a ní láti fún un ní oògùn oorun kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohun tí ó wà nínú ikùn yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun padà kí ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìlú Ògún ni Oǹdó, a kò lè sẹ́ ẹ, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ bẹ Ògún lójú ibi tí ọkọ̀ ti dànù kí a tó gbé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní àkókò yẹn. Ẹ gbé e lọ ná, Ògún yóò dúró dè yín.

Níbo wá ni kí a gbé e lọ? Ibi tí ó sún mọ́ jù tí wọ́n ti lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti orí, àyà, ikùn tàbí eegun tí ó yọ síta, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ó wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ni ó yẹ kí ẹ forí lé. Ní ìlú Oǹdó, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí wà ní Lájé. Ìgbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò ni wọ́n kọ́ ọ, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n sì torí rẹ̀ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín ní ibikíbi pé ẹ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá, tàbí pé ẹ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi sùúrù sọ fún wọn pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun, àti pé owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, wà fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní ẹ fi sùúrù sọ ọ́ ni pé nọ́ọ̀sì tí ẹ bá níbẹ̀ lè má mọ òfin yìí, tàbí kí ó máa bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀. Ẹ béèrè fún ọ̀gá náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè nípa teguntegun. Ẹbí mi náà ti lọ sọ́dọ̀ wọn rí, mi ò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n teguntegun kò lè rí ẹ̀jẹ̀ tí ń dà sínú ikùn, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò fà sí ara ẹni tí tirẹ̀ ti gbẹ. Bí eegun bá sì ti gún awọ jáde, ìdọ̀tí ojú títì ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọmọ ìka mọ́. Ẹsẹ̀ yóò tutù, yóò dúdú, yóò sì máa rùn, ìgbà yẹn ni wọn yóò wá sáré gbé e wá bá wa, tí kò ní sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kí ó gé e. Bí ẹbí bá ti pinnu pé teguntegun ni àwọn yóò lọ bá, ó kéré tán, kí wọ́n lọ ya àwòrán eegun ní ilé ìwòsàn ná, kí wọ́n sì máa yẹ ọmọ ìka wò lójoojúmọ́.

Foonu tí ẹ fi ń ya ẹni tí ó ń kú, ẹ fi pe ẹbí rẹ̀. Owó àti ẹrù tí ẹ bá bá nílẹ̀, kí ẹni méjì jọ kó o, kí wọ́n sì jọ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ó kan ẹ̀yin awakọ̀. Òfin sọ pé ẹni tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dúró, kí ó sọ orúkọ àti ibùgbé rẹ̀, kí ó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá: ẹ̀rù ìyà tí èrò yóò fi jẹ wọ́n ni. Èmi kì í dá awakọ̀ tí ó sá fún igi àti òkúta lẹ́bi, bí ó bá jẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ jù ni ó sá lọ tààrà. Èyí tí ó sá lọ sílé, tí ó lọ fi ọkọ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mẹkáníìkì, ẹ̀ṣẹ̀ ni tirẹ̀. Kí àwọn tí ó máa ń lu awakọ̀ náà gbọ́ o: nígbà tí ẹ bá ń lù ú, kò sí ẹni tí ń tẹ ojú ọgbẹ́ ọmọ tí ó wà nílẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ mọ́ tí yóò dúró láti gbé e.

Ní àárín ìgboro, níbi tí ó ti jẹ́ iná ọkọ̀ ni ó fọ́ tàbí tí bọ́ńpà wó, mi ò mọ ìdí tí a fi máa ń dí gbogbo ọ̀nà Ọyẹ́mẹ́kùn tàbí Àrákàlẹ̀ pa nítorí àríyànjiyàn. Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti ojú títì, kí ẹ sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà yín. Ẹ gba nọ́ńbà foonu ara yín àti ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ìwé adójútòfò tí ẹ̀yin awakọ̀ ń pè ní third party, èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró nìkan, ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: láti oṣù kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni ti ọkọ̀ aládàáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹni tí ẹ bá bà jẹ́; ti ọ̀kadà jẹ́ 3,000 náírà, ó sì lè san tó mílíọ̀nù kan. Ẹlòmíràn ni ó wà fún, kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ẹ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ tètè fi tó ilé iṣẹ́ adójútòfò létí, ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kí aṣojú wọn tó wò ó. Ẹ má tọwọ́ bọ ìwé kankan tí ó ní ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi nígbà tí ara yín ṣì ń gbọ̀n. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni.

Kò tán síbẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n jáde nínú ọkọ̀ tí ó gbókìtì láìní àpá kankan, tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́, tí wọ́n sì lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra dà nínú ikùn láti inú ọ̀gbẹ́ tí bẹ́líìtì tàbí sítíárì dá sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa kó jọ sínú agbárí fún ọjọ́ mélòó kan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bì, bí orí bá ń fọ́ ọ sí i, bí ó bá ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, bí ikùn rẹ̀ bá le tí ó sì ń dùn ún, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tí ó bá sì ní ọgbẹ́, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí ó lọ béèrè fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó kù, ẹnu kò lè kọ́ni. Nọ́ọ̀sì méjì tí ó bá mi wá ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú yìí, pákó kan sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí awakọ̀ márùn-ún jáde wá, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀, kí àwọn mẹ́rin yòókù gbé e sórí pákó náà bí mo ti sọ, a ó sì máa pààrọ̀ títí gbogbo yín yóò fi ṣe é. Ẹni tí yóò di orí mú ni kí ó kọ́kọ́ bọ́ síwájú.